Múrítàlá àti Ilẹ̀kùn Irin Òkè-Ọ̀kà

Àwọn tí kò mọ Múrítàlá Abọ́dẹrìn dáadáa ń pè é ní bíríkìlà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń to búlọ́ọ̀kù lé ara wọn ni bíríkìlà, Múrítàlá kì í sì í to búlọ́ọ̀kù. Ilé rírẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ibi tí ògiri sì ti pàdé irin ni ó mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: etí ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, gbogbo ibi tí férémù irin bá ti kan sìmẹ́ǹtì. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìṣùà, bí ẹnìkan bá ra ilẹ̀kùn irin tuntun, tí kò sì fẹ́ kí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya kí ọdún tó yípo, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà ńlá. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, yóò kọ́kọ́ wo òkè fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ara àjà ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Limota, ìyàwó rẹ̀, ní nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, òun rò pé etí rẹ̀ di ni.

"Mo máa ń pariwo mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ló wá sọ pé, 'Limota, mo gbọ́. Mò ń rò ó ni.'"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé sìmẹ́ǹtì kàn ń lẹ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀ ni. Irin a máa wú nínú oòrùn, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Ògiri kì í bá a ṣe é. Bí ẹ bá kàn rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn lásán, wọn á jókòó pọ̀ bí àlejò méjì nínú ọkọ̀ kan, nígbà tó bá sì yá, kálukú á bọ́ sílẹ̀ níbi tirẹ̀. Nítorí náà ni Múrítàlá ṣe máa ń ní kí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ irin kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn férémù, kí ẹsẹ̀ náà wọnú ògiri. Lẹ́yìn èyí, á na nẹ́ẹ̀tì wáyà, irú èyí tí wọ́n fi ń sé adìyẹ mọ́, láti ara irin wá sórí búlọ́ọ̀kù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, á sì fi wáyà tín-ín-rín so ó pinpin. Á nu irin mọ́. Á da sìmẹ́ǹtì tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu sí i lára. Ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.

Tí ó bá gbẹ, á fi ìka kàn án. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, á hó o dànù. Bí ó bá dún kì, bí ìgbà tí ènìyàn bá kan àpáta, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí òun bá ti ń kàn án báyìí, tí òun sì ń fetí sí i, ilé náà máa ń dà bí ẹni pé kò sí ní ayé yìí. Ó ní òun máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń fi inú ògiri sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lọ láìwọ bàtà. N kò bá a jiyàn. N kò rẹ́ ilé rí.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, ó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ọ̀kà, níbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Alàgbà Nathaniel Ọláòtán ń kọ́. Àkúrẹ́ ni Alàgbà ń gbé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń wá wo iṣẹ́. Ìyá rẹ̀, Màmá Naomi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti ń gbé nínú yàrá kan tí wọ́n kọ́kọ́ parí lẹ́yìn ilé tuntun náà. Ilé àtijọ́ wọn wà lórí àpáta, ẹsẹ̀ Màmá kò sì lè gun ibẹ̀ mọ́.

Ohun tí Alàgbà bá Múrítàlá sọ kò lọ́jú rárá. Bí ó bá ṣe etí ilẹ̀kùn iwájú, tí ó sì dúró, gbogbo iṣẹ́ òkè di tirẹ̀: ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án, fèrèsé mẹ́rìnlá. Múrítàlá fẹ́ iṣẹ́ òkè yìí ju bí ó ṣe lè sọ lọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, ó sì mọ̀ pé ọdún tí òun yóò tún fi gun pákó lọ sókè kò pọ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí ilé kan wà, lórí òkè, tí ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kọjá yóò rí, tí òun náà yóò lè dúró nísàlẹ̀ ní ọjọ́ ogbó kí ó sì mọ̀ pé gbogbo fèrèsé yẹn, ọwọ́ òun ló dì wọ́n mú. Ní àárọ̀, bí ọ̀kadà bá ti gbé e kọjá Àkùngbá, tí kùrukùru bo àwọn òkè títí tó fi jẹ́ pé orí wọn nìkan ló ń yọ, ó máa ń rí ilé náà ní pípé lójú ara rẹ̀, funfun, tó léfòó lórí kùrukùru bí ọkọ̀ ojú omi.

Etí ilẹ̀kùn iwájú náà ya lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ó hó o, ó sì tún un ṣe. Ó tún ya. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí kúrò lára irin débi pé ìka lè wọ inú rẹ̀.

Ọdúnayọ̀, ọkùnrin tí ń rẹ́ ojú ògiri tó gbòòrò nínú ilé kan náà, wá dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ pò síbẹ̀? Àbí gàrí ni?"

"Bí ó bá jẹ́ gàrí ni, ìwọ ni ò bá kọ́kọ́ gbé ṣíbí wá."

Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú o. Ní Àkùngbá, níbi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe, a ò so nẹ́ẹ̀tì kankan. Fóòmù inú agolo la fọ́n sí i, ó tán."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Padà lọ wò ó tí ọyẹ́ bá lọ. Kí o sì mú gàrí dání."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò dé inú Múrítàlá. Ó ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n ti ń ra sìmẹ́ǹtì, pé ọwọ́ ọkùnrin Ìkàrẹ́ yẹn ti ń gbọ̀n, pé ọjọ́ orí ti dé. Ní alẹ́ ó na ọwọ́ síwájú Limota.

"Ṣé ó ń gbọ̀n?"

"Bàbá Zulaykha, ọwọ́ yín ò gbọ̀n. Ẹ jẹun."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dojú ike ọ̀dà kan bolẹ̀, ó jókòó lé e níwájú ilẹ̀kùn náà, ó sì ń wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn yòókù rò pé ó ń tòògbé. Nígbà tó yá, ó rí ohun kan tí ó yẹ kí ó ti rí láti ọjọ́ kìíní. Yíya náà bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó gòkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì dúró ní ibì kan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ lọ sókè, etí ògiri náà le koko. Ó kàn án. Ó dún kì. Bí ó bá jẹ́ pé àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì ni kò dára, yíya náà kò ní dúró síbi tí èjìká ènìyàn mọ.

Àwọn eèrà sì wà níbẹ̀. Wọ́n tò lọ sókè nínú yíya náà, wọn kò gbé ohunkóhun dání. Múrítàlá ti ìka bọ ibẹ̀, ó sì fi kan ahọ́n.

Epo pupa ni.

Ẹ má bi mí bí kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Àwọn wẹ́dà wa máa ń fi ọ̀dà pupa kun irin kí ó má baà dógùn-ún; epo lórí ọ̀dà yẹn kò ṣeé fi ojú mọ̀, pàápàá nígbà tí eruku ọyẹ́ bá ti bò ó. Ó pe Raheem, wẹ́dà tó ṣe férémù náà.

"Raheem, ṣé ìwọ lo fi epo pupa pa irin yìí?"

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo fẹ́ din ilẹ̀kùn náà jẹ ni?"

Múrítàlá hó gbogbo etí náà dànù. Ó nu irin títí ó fi mọ́, ó so nẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kejì, bí ó ti máa ń ṣe. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ó ti kí ìrun àsùbáà tán, ó gun ọ̀kadà àkọ́kọ́ lọ sí Ọ̀kà. Ó jókòó sórí òkìtì iyanrìn, lẹ́yìn àwọn búlọ́ọ̀kù tó kù, ó fi aṣọ òtútù bo orí.

Kùrukùru pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kò rí àpáta, kò rí ojú ọ̀nà, àkùkọ ń kọ láti ibi tí kò lè mọ̀. Nínú gbogbo funfun yẹn, ilẹ̀kùn irin náà dá dúró bí ẹni pé kò sí ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọjá lọ sí ibòmíràn. Ó ní òun kò mọ̀ bí òun bá sùn díẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé nígbà tó tún wò, Màmá Naomi ti dúró níbẹ̀, kékeré, pẹ̀lú ìró funfun, àwo kan lọ́wọ́ òsì, ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Màmá ti ìyẹ́ bọ inú àwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi pa ìsàlẹ̀ irin, ó gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, lórí irin, lórí nẹ́ẹ̀tì, títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè ga mọ. Ó lọ sí apá kejì, ó ṣe bákan náà. Ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sínú. Nígbà tó parí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà.

"Kí ilé yìí rọ̀. Kí ó rọ̀ fún Nathaniel, kí ó rọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe jà níbí. Ní orúkọ Jésù."

Èdè Ọ̀kà ni ó fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ báyìí kí ó lè yé gbogbo wa ni. Múrítàlá jókòó bí òkúta. Ó ti múra ìbínú sílẹ̀ láti ilé, kò sì rí ibi tí yóò gbé e kalẹ̀.

Màmá yí padà, ó rí i.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Múrítàlá. Ẹ káàárọ̀ o."

Ìyá àgbà náà fi etí ìró bo àwo. "O ti rí mi."

"Mo rí yín, Màmá."

"Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn ilé wa orí àpáta yẹn, ìyá ọkọ mi ló fi epo pa á. Ikán kò jẹ ẹ́ di òní. A ò sì jà nínú rẹ̀, àfi ti àwọn ọmọdé." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nathaniel ní òun kò fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé òun. Ó ní ìbọ̀rìṣà ni. Ó ní bí òun bá rí i, n óò padà sókè àpáta lọ máa gbé. Má sọ fún un, ọmọ mi."

Múrítàlá wo òkè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe kùrukùru.

"Màmá," ó ní, "igi ni ilẹ̀kùn tiyín. Igi máa ń mu epo. Irin kì í mu ún. Yóò kàn jókòó sí i lára ni, sìmẹ́ǹtì ò sì ní rí ibi dì mú."

Màmá wo òkìtì sìmẹ́ǹtì tó wó, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. 

"Ìyẹn ni pé èmi ni."

"Ẹ wọlé, Màmá. Òtútù mú."

Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn tí mọ́tò Alàgbà dé. Ọdúnayọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, Raheem ti wà níbẹ̀, Màmá sì jókòó lórí àpótí níwájú yàrá rẹ̀. Alàgbà rí férémù irin ní ìhòòhò, ó rí òkìtì tó wó, kò tilẹ̀ kí ènìyàn.

"Múrítàlá, ìgbà kejì rè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alàgbà."

"Wọ́n sọ fún mi, n kò gbà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n. Mo ní rárá o, ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rá wà lára irin, sìmẹ́ǹtì kò lè dì í mú."

"Ọ̀rá? Ta ló fi ọ̀rá sára irin mi?"

Raheem fò sókè. "Kì í ṣe èmi o! Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́, kì í ṣe èmi!"

Gbogbo wọn wo Múrítàlá. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló kù kí orúkọ òun padà sípò, kí iṣẹ́ òkè sì di tòun. Màmá Naomi kò wo ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Alàgbà, ẹni tí ń rẹ́ ilé ló ni irin tó dojú kọ ọ́," ni Múrítàlá wí. "Ìrọ̀lẹ́ ni mo nù ún. Ó yẹ kí n tún un nù ní àárọ̀ kí n tó rẹ́ ẹ, n kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Àwọn kan ní Ọ̀kà ṣì ń sọ pé irọ́ ló pa. Mo ti tún un ṣe fún wọn, n óò sì tún un ṣe níbí. Kò pa irọ́. Ohun tó sọ yẹn ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Ohun tó kù ni kò sọ.

"Ó dára," ni Alàgbà wí. "Parí ilẹ̀kùn yìí, kí o máa lọ. Ọdúnayọ̀, ìwọ ni wàá ṣe òkè."

 Ọdúnayọ̀ dà bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbígbóná lé lọ́wọ́.

Múrítàlá fi kẹrosíìnì nu irin, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi eérú ha á, ó tún fọ̀ ọ́. Ó já nẹ́ẹ̀tì tó ti lépo, ó so òmíràn. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ilé ayé kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Nígbà tó fi máa rẹ́ ẹ tán, oòrùn ti wọ inú eruku ọyẹ́, ó pọ́n, kò sì ta ni lójú. Ó kó irinṣẹ́ sínú àpò. Ó kí Màmá kí ó tó lọ. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lójú ọ̀nà ilé, ó rí ilé funfun náà lójú ara rẹ̀ bí ó ti máa ń rí i. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ, ó ń kéré sí i, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ṣí sílẹ̀, kò sì lè pè é padà.

Limota ló ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹnu rẹ̀ sì ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Alàgbà Nathaniel ló wà níta, pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó gbé àwo kékeré kan dání. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Ó gbé àwo náà sórí tábìlì.

"N kò padà sí Àkúrẹ́ lánàá, Ọ̀kà ni mo sùn. Màmá gbé e wá bá mi láàárọ̀, kí n tó wọ bàtà. Orí Bíbélì mi ló gbé e lé. Ó ní, 'Nathaniel, èmi ni mo ń wó ilẹ̀kùn rẹ, kì í ṣe ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sókè àpáta.'" Ó nu ojú. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Alàgbà."

"Mo bú ọ lójú gbogbo wọn, o sì dákẹ́. Kí ló dé?"

Múrítàlá wo àjà. Limota ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dáhùn.

"Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ máa gbé ilé náà," ló wí nígbà tó yá. "Èmi, n óò rẹ́ ẹ, n óò lọ."

Alàgbà jókòó wàyí. Limota gbé omi wá, ó mu ún tán.

"Mo pe Ọdúnayọ̀. Ó ní ojú ògiri gbalasa ni tòun, òun kò bá ọ du etí. Ọjọ́ wo lo máa bẹ̀rẹ̀ òkè?"

"Ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ pé ọjọ́ méje ná. N óò wá kàn án. Bí ó bá dára, a ó gòkè."

"Ọjọ́ méje," ni Alàgbà wí, ó sì dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Múrítàlá tó pè é.

"Alàgbà, ẹ gbàgbé àwo yín."

"Kí ni n óò fi ṣe?"

"Ilẹ̀kùn yẹn ń ké bí ewúrẹ́ bí ẹ bá ṣí i. Hínjì rẹ̀ ló ń fẹ́ epo. Ẹ ní kí Màmá bá yín fi sí i."

Alàgbà dúró, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé èmi ni n óò lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó padà wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà, ó sì rọra ń rìn lọ síbi mọ́tò rẹ̀, kí epo má baà dà sí agbádá.